Kànga Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ìyá mi ti sọ fún gbogbo Ìkirè pé dókítà ni mí nílùú ọba.
N kò já a nírọ́.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i lórí fóònù
pé ìgbẹ́ àwọn ará Họ́ọ̀lù ni mò ń wọ̀n láàárọ̀,
ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù, bí ẹni ń wọn wúrà?
Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé,
ẹni tó kó o kì í gbàgbé.
Èmi ni mo kó o, màmá.

Ẹran kan wà lẹ́yìn àpòlùkù,
ó rọ̀, ó sùn gbọọrọ
bí ajá tó ń sá fún òtútù.
Páńkíríásì ni wọ́n ń pè é.
Òun ló ń tú omi tó ń yọ́ ọ̀rá,
omi tó ń já ẹran sí wẹ́wẹ́.
Bó bá dákẹ́, oúnjẹ á kàn gba inú èèyàn kọjá
bí àlejò tí kò jókòó.

A kì í la ikùn torí ká lè bi í léèrè.
Ọgbọ́n la fi ń ṣe é:
kànga mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lórí àwo kan ṣoṣo,
ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gbà ju omijé mélòó kan lọ.
A ti lẹ ẹ̀ṣọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ wọn,
ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ojú ẹlòmíràn
àfi ojú ẹ̀lásíteèsì.
Kí gbogbo ayé máa kọjá, kò ní nawọ́.
Bí tirẹ̀ bá dé, á gbá a mú ṣinkún.
A fọ àwo. A tún un fọ̀. A tún un fọ̀.
Ẹni tí ẹ̀ṣọ́ kò dì mú, omi á gbé e lọ.
Ẹ̀ṣọ́ kejì á wá gun ẹ̀yìn ẹni tí a mú,
á gbé àwọ̀ lọ́wọ́,
búlúù á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí aró tó ń mú aṣọ.
Mo kán ásíìdì sí i: ó di àwọ̀ ìyeyè.
Kànga tó bá pọ́n, inú ẹni tó ni ín ń ṣiṣẹ́.
Èyí tó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ ni kí o bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwo àkọ́kọ́ kọ̀.
Èyí tí a mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbé iye mìíràn jáde.
Gúpríìtì tú ẹ̀rọ ìfọwo, ó rí i pé ẹnu abẹ́rẹ́ kan ló dí.
“Ìgbẹ́ kì í purọ́,” ló wí, “ẹ̀rọ ló ń purọ́.”
Wákàtí mẹ́ta ṣòfò. A tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà,
kànga méjì tó fara kan ara wọn sì mọ́ gaara.
Méjìdínlógójì. Ó yẹ kó ju igba lọ.
Mo yẹ orúkọ wò, torí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò:
Gábọ́ọ̀tì, Dẹ́sìmọ́ǹdì.
Ọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa,
apẹja àtijọ́ tó ń fi okùn so ṣòkòtò láti oṣù kẹwàá,
tó ní epo tí wọ́n fi ń din ẹja ti kórìíra òun.
Mo fọwọ́ sí i. Ó lọ bá dókítà rẹ̀.
Ibẹ̀ lẹ́nu mi parí sí, òfin ni.

Lálẹ́, atẹ́gùn Họ́ńbà ń wọ ọrùn ẹ̀wù.
Ó ń ti agolo ìdọ̀tí lọ sí etí títì.
“Iṣẹ́ ńkọ́?” ló bi mí.
“Iṣẹ́ ń bẹ.”
Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í dé ibẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan,
ó wá ní òjò ń bọ̀.

Ìyá mi pè. “Dókítà, ṣé o ti jẹun?”
Mo ní mo ti ń jẹ ẹ́.
Ìrẹsì ń tutù níwájú mi;
mo tẹ́tí sí ẹran kan lẹ́yìn àpòlùkù tèmi,
tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.